Iṣẹ́ báńkì ọdún 11: ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ kọ́ iṣẹ́ awakọ̀ òfurufú?

Àlàbí_Máfolúkù · ọjọ́ Ajé, aago 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ọmọ ọdún 34 ni mí, ó sì ti di ọdún 11 tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní báńkì kan ní Èkó. Ẹ̀ka tí wọ́n ti ń yẹ ìwé àwọn tó fẹ́ yáwó wò ni mo wà. Owó oṣù ń wọlé lásìkò, owó ìfẹ̀yìntì ń gorí ara wọn, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n Máfolúkù ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà, níbi tí bàálù ti ń fò kọjá lórí òrùlé débi pé ìyá wa a máa dá ọ̀rọ̀ dúró lẹ́nu títí yóò fi kọjá, kí ó tó máa bá ìbáwí rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni ọkàn mi ti wà lọ́dọ̀ àwọn tó jókòó níwájú bàálù.

Mo ti tọ́jú mílíọ̀nù 38 náírà. Mo tún ní ilẹ̀ kan ní Mọ̀wé tí mo lè tà. Olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìyàwó mi, ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wa, èyí ẹ̀gbọ́n jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí nìyí: ṣé ọjọ́ orí mi kò ti kọjá ohun tí wọ́n ń gbà, ṣé awò ojú tí mo ń lò kò ní jẹ́ kí wọ́n dá mi padà, ṣé nílé ni kí n ti kọ́ ọ tàbí lókè òkun, ṣé kí n sì kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí mo ń gbọ́ pé iṣẹ́ náà kò gba kí a fi ẹsẹ̀ kan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é, àti ẹ̀yin tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò parí, ọ̀rọ̀ yín ni mo ń wá jù.

Bàbá_Abẹ́òkúta · ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́

Àbúrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́. Ọdún 34 ti pẹ́ jù, awò ojú yẹn nìkan sì ti tó láti lé ọ padà lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan lọ gba ìwé ìwọlé. Ó ga, orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe rí awò lójú rẹ̀ ni wọ́n ní kó máa lọ sílé. Jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Iṣẹ́ báńkì tí ìwọ fẹ́ fi sílẹ̀ yìí, àwọn kan ń gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀.

Igbákejì_Ìkẹjà · ọjọ́ Ajé, aago 9:27 alẹ́

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, mo fẹ́ tún ibì kan ṣe nínú ọ̀rọ̀ yín. Ó jọ pé iṣẹ́ ológun òfurufú ni ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lọ wá, òfin tiwọn sì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ èrò. Èmi tí mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, bàálù èrò tí wọ́n ń pè ní ATR 72 ni mò ń wà fún ilé iṣẹ́ kan nílé níbí gẹ́gẹ́ bí igbákejì kápúténì, awò sì wà lójú mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohun tí òfin àgbáyé ń béèrè ni pé kí ojú kọ̀ọ̀kan ríran dé 6/9, kí méjèèjì lápapọ̀ dé 6/6, ìyẹn ìwọ̀n ojú tó pé, ìbáà jẹ́ pẹ̀lú awò. Mímọ àwọ̀ ló yẹ kí a bẹ̀rù: ẹni tí kò bá lè ya iná pupa sọ́tọ̀ kúrò lára iná aláwọ̀ ewé yóò ní ìṣòro. Ẹlẹ́jẹ̀ AS kò ní wàhálà. Ẹlẹ́jẹ̀ SS ni kò lè gbà á.

Ní ti ọjọ́ orí, láti ọdún 18 ni a ti lè gba ìwé àṣẹ láti fi bàálù ṣiṣẹ́ owó, èyí tí à ń pè ní CPL, ọdún 65 sì ni a gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu wíwa ọkọ̀ èrò ńlá. Láàárín méjèèjì, kò sí òfin tó ní kí ẹni ọdún 34 má bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń sanwó ẹ̀kọ́ fún ọ̀dọ́ máa ń fi gbèdéke ọjọ́ orí sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ kọ́ṣẹ́ kò sí nínú ìyẹn. Bí Àlàbí bá gba ìwé àṣẹ lọ́mọ ọdún 37, tó sì ríṣẹ́ lọ́mọ ọdún 39, ọdún 26 ló kù fún un.

Ohun tí mo fẹ́ kó mú ṣáájú ohun gbogbo ni àyẹ̀wò ara ti Class 1 lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí. Kó tó ta ilẹ̀, kó tó san kọ́bọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí. Ẹnì kan wà láàárín wa tó ti fò fún wákàtí 30 lórí ìwé àyẹ̀wò Class 2, tó kéré sí i, kó tó lọ ṣe ti ńlá. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ka ìlùkìkì ọkàn ti tú àṣírí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wà lára òun. Owó tó ti ná kò padà.

Ọmọ_Aláàfin · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:05 àárọ̀

Nílé níbí ni mo ti kọ́ ọ, mo sì parí rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ à-gbọ́-sọ ni mò ń sọ. Ẹ̀kọ́ ilé kì í ṣe ẹ̀kọ́ yẹpẹrẹ. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó wà ní Zaria ti wà láti ọdún 1964. Ibẹ̀ ni Kápúténì Chinyere Kalu, obìnrin àkọ́kọ́ tó fi bàálù wíwà ṣiṣẹ́ owó nílẹ̀ Nàìjíríà, ti kọ́ṣẹ́, òun náà ló sì padà wá ṣe ọ̀gá àgbà níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà ní Ìlọrin. Ẹni tó bá gba ìwé àṣẹ NCAA nílé kò ní máa sáré kiri láti yí i padà kó tó fi wáṣẹ́ nílé, èyí tí àwọn tó ti òkè òkun dé ń bá yí.

Àkókò ni ẹ̀kọ́ ilé fi ń jẹni. Wọ́n sọ fún mi pé oṣù 18 ni, ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́rin ni mo lò. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Bàálù mẹ́ta ló ń fò nígbà tí mo wọlé. Kò pẹ́ tó fi ku ẹyọ kan, torí pé ohun èlò tí wọ́n ń retí láti òkè òkun kò dé, àwa akẹ́kọ̀ọ́ 22 sì ń tò fún ẹyọ kan náà. Epo tí ọ̀pọ̀ bàálù kékeré ń mu, tí wọ́n ń pè ní Avgas, kì í ṣe irú èyí tí bàálù èrò ńlá ń mu, kì í sì í pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Bó bá tán, ó di ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́. Àwọn bàálù kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Diamond wà tó ń mu epo Jet A-1 bíi ti bàálù ńlá. Bí ilé ẹ̀kọ́ tí o ń wò bá ní irú wọn, àmì rere ni.

Ọyẹ́ tún wà ńbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ojú ló fi ń wakọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ lè ríran dé kìlómítà márùn-ún ó kéré tán. Ní oṣù kìíní ọdún tó yẹ kí n dá fò lọ sí ìlú mìíràn fún ìgbà àkọ́kọ́, mo wọ aṣọ funfun, mo gbé headset lé orókùn, mo jókòó sí yàrá ìpalẹ̀mọ́ láti aago mẹ́fà àárọ̀ fún ọjọ́ 16 láìfò lẹ́ẹ̀kan. Láràárọ̀ ni olùkọ́ wa ń jáde lọ wo òpó omi tó wà ní ìkángun pápá. Bí kò bá rí i, á kàn mi orí wọlé.

Kí n tó gbàgbé, ẹ kọ́ láti máa wo aago Hobbs. Òun ni aago kékeré tó ń ka àsìkò tí ẹ́ńjìnnì fi ń ṣiṣẹ́, ìdámẹ́wàá wákàtí ló sì fi ń kà á, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́fà-mẹ́fà. Kò kàn án bóyá o wà lókè tàbí o wà nílẹ̀. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń sọ̀ kalẹ̀, tí wọ́n ní kí o dúró létí ọ̀nà, 0.1, 0.2, 0.3, owó rẹ ló ń lọ yẹn.

Nílé ni kó ti kọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó má san owó ẹ̀kọ́ lódindi, kó sì fojú ara rẹ̀ ka iye bàálù tó ń fò, kì í ṣe iye tí wọ́n gbé síbi ìgbọ́kọ̀sí.

Ṣẹ́gun_Houston · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 3:48 ọ̀sán

Ọmọ_Aláàfin ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ nílé. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi sílẹ̀ ní Texas níbí lọ́mọ ọdún 36. Láàárín oṣù 13, èmi tí n kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀ ti gba CPL àti ìwé àṣẹ olùkọ́, owó tí mo ná sì lé ní 90,000 dọ́là. Ẹ má gba àwọn tó bá ń fi iye wákàtí tó kéré jù polówó gbọ́: wákàtí 40 ni òfin ní kí a fi gba ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, èmi lo 68. CPL fúnra rẹ̀ gba wákàtí 250, tàbí 190 ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ tí ètò wọn wà lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Part 141.

Kò sì tán síbẹ̀. Lẹ́yìn tí bàálù kan já nítòsí Buffalo ní oṣù kejì ọdún 2009, tí ènìyàn 50 kú, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé igbákejì kápúténì pàápàá gbọ́dọ̀ ti fò fún wákàtí 1,500 kó tó wa ọkọ̀ èrò. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ́ ẹlòmíràn fún ọdún kan àtààbọ̀. Wákàtí tí a bá fò nìkan ni wọ́n ń sanwó fún. Bí ìjì bá dé, ebi dé. Ó tó oṣù mẹ́ta tí ìyàwó mi nìkan fi ń san owó ilé. Ṣùgbọ́n lónìí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Bí Àlàbí bá fẹ́ gbé èrò, wákàtí 1,500 yẹn kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, kò sì síbi tí a ti ń rí i kíá bí Amẹ́ríkà.

Igbákejì_Ìkẹjà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun, òfin Amẹ́ríkà lẹ ń kà fún un yẹn. Nílé níbí àti ní Yúróòpù, ẹni tó bá ní CPL, tó ní àṣẹ láti fi ẹ̀rọ nìkan darí ọkọ̀ nígbà tí ojú kò bá ríran, tó tún ní àṣẹ ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì, lè wọ ilé iṣẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí 200. Wákàtí 214 ni mo ní nígbà tí wọ́n gbà mí. Ẹni tó fẹ́ gba ATPL, ìwé àṣẹ tó ga jù, kí ó lè di kápúténì ni 1,500 wà fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ irú ìwé ìgbélùú tí ẹ ní fún un, torí físà M-1 tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìwakọ̀ òfurufú ń bá wọlé kò fàyè gbà á láti máa ṣiṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀ títí yóò fi pé 1,500.

Kí n má baà dà bí ẹni tó ń polówó ilé: lẹ́yìn tí mo gba CPL, ọdún méjì àti oṣù márùn-ún ni mo fi wà láìrí ìjókòó awakọ̀. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe ní ilé iṣẹ́ náà, mò ń tẹ ìwé ètò ìrìnàjò fún àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́. Nígbà tí àyè ṣí, wọ́n sanwó ẹ̀kọ́ ATR fún mi, mo sì tọwọ́ bọ̀wé pé n kò ní kúrò fún ọdún márùn-ún. Àwọn mìíràn ni wọ́n ní kí wọ́n san tiwọn fúnra wọn. Àwọn tó ní ìwé àṣẹ nílẹ̀ yìí tí wọn kò rí ọkọ̀ wà kò kéré.

Ṣẹ́gun_Houston · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5:31 ìrọ̀lẹ́

O gbá mi mú. Mo ti ní green card kí n tó bẹ̀rẹ̀, n kò sì rò ó mọ́ pé ìyẹn ló gbé mi ró. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ pẹ̀lú físà akẹ́kọ̀ọ́, kó ka Amẹ́ríkà sí ibi ẹ̀kọ́ nìkan, kó sì fi owó àti ìdánwò tí yóò fi yí ìwé àṣẹ padà lọ́dọ̀ NCAA sínú ìṣirò rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́_Manchester · Ọjọ́rú, aago 10:22 alẹ́

Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ìbéèrè Àlàbí kẹrin, bóyá kó kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Èmi kò fi tèmi sílẹ̀. Oníṣirò owó ni mí fún ìjọba ìbílẹ̀ kan níbí, ọmọ ọdún 38 ni mí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èmi nìkan ni mo sì ń tọ́ ọmọ mi. Ọ̀nà méjì ló wà ní Bírítéènì. Nínú ti àkọ́kọ́, wọn yóò gba owó tó lé ní 100,000 pọ́n-ùn lọ́wọ́ rẹ, wàá sì jókòó ti ẹ̀kọ́ náà lójoojúmọ́ títí yóò fi parí. Nínú èkejì, ìpele-ìpele ni wàá máa ra ẹ̀kọ́ bí agbára rẹ bá ṣe ká a. Èkejì ni mo gbà. Ìwé àṣẹ àkọ́kọ́, tí òfin ní kó gba wákàtí 45 ó kéré tán, gbà mí ní oṣù 14, torí ọjọ́ Àbámẹ́ta nìkan ni mo ráyè fò, ẹni tó bá sì mọ Manchester mọ bí òjò ṣe fẹ́ràn ọjọ́ Àbámẹ́ta tó.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò 13 ti àkọsílẹ̀. Máàkì 75 nínú 100 ni kí a gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín oṣù 18 ni kí gbogbo rẹ̀ sì parí. Nínú ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni mo ti ń ka ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi nínú General Navigation, mo sì sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibi iṣẹ́. Lálẹ́, mo lẹ àwòrán iwájú bàálù kékeré Cessna 172 mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo gbé àga síwájú rẹ̀, mo wá ń fi ìka kan bọ́tìnnì orí bébà: epo, iná, rédíò, fíláàpù. Ọmọ mi ló ń pe àwọn ohun tí awakọ̀ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tó ti ń fọ abọ́, bí mo bá fo ọ̀kan, á ní, "Mọ́mì, ẹ ti pa wá." Wákàtí tí mo fò lórí àga yẹn kò ná mi ní pẹ́nì kan, ó sì dín èyí tí mo fi owó rà kù.

Ọdún mẹ́rin àti oṣù méjì ni gbogbo rẹ̀ gbà, pẹ̀lú 68,000 pọ́n-ùn, n kò sì jẹ gbèsè. Ohun kan wà tí Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun kò mẹ́nu bà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí Kòrónà dá bàálù dúró káàkiri ayé, mo rí àwọn tó ti fò fún ogún ọdún tí wọ́n ń gbé ọjà kiri ojúlé níbí. Ìpele kan ṣoṣo ni mo rò pé ó yẹ kí a gbé iṣẹ́ mìíràn jù sílẹ̀ fún, ìyẹn ti fífi ẹ̀rọ nìkan darí ọkọ̀. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń ṣe láti Àbámẹ́ta dé Àbámẹ́ta, torí ọwọ́ máa ń gbàgbé. Ìsinmi aláìgbowó ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni mo gbà fún un.

Ọmọ_Aláàfin · Ọjọ́bọ̀, aago 7:12 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yín dára fún ẹni tó ní pápá kékeré lẹ́yìn ilé. Ta ni yóò máa ti Èkó lọ Zaria ní gbogbo Àbámẹ́ta? Ẹ̀kọ́ inú ìwé ni Àlàbí lè fi pẹ̀lú iṣẹ́ báńkì. Bó bá kan fífò, àfi kó kó lọ síbẹ̀.

Kọ́lá_Ìbàdàn · Ọjọ́bọ̀, aago 1:55 ọ̀sán

Àlàbí béèrè àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Èmi rèé. Wákàtí 87.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò ni mo fi sílẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kan lókè òkun tó ń gba dọ́là ni mo sì lọ. Náírà ni mo tọ́jú owó sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nǹkan bíi náírà 460 ni ìjọba ń pe dọ́là kan. Ní oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n jọ̀wọ́ náírà, tó ń já wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé dọ́là kan kọjá 1,500 ní ọdún 2024. Mílíọ̀nù 20 tí mo fi sí báńkì kò dín ní kọ́bọ̀ kan, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà kò tó ìdá mẹ́ta ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́. Mo ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi ní Mọ́níyà kí n lè fi parí rẹ̀. Kò parí rẹ̀. Mo ti padà sí iṣẹ́ adójútòfò, ní ipò tó kéré sí èyí tí mo fi sílẹ̀.

N kò kábàámọ̀ wákàtí 87 náà. Ilẹ̀ yẹn ni mo kábàámọ̀. Àlàbí, bí owó ẹ̀kọ́ kò bá tíì pé lọ́wọ́ rẹ, nínú irú owó tí ilé ẹ̀kọ́ náà ń gbà, má bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá dúró ní ìdajì ọ̀nà fún oṣù mẹ́fà, tó bá padà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé yóò tún ìdajì náà san.

Ìyàwó_Kápúténì · Ọjọ́bọ̀, aago 9:03 alẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀, kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ìyàwó Àlàbí wí. Ọkọ mi ti ń fò fún ọdún 15. Kò sí nílé lọ́jọ́ tí a sọ ọmọ wa kejì lórúkọ, àbúrò rẹ̀ ló dúró fún un. Oṣù December tí gbogbo ènìyàn ń lọ sílé ni iṣẹ́ tirẹ̀ ń pọ̀ jù. Ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni wọ́n ń tún un dán wò nínú simulator, ẹ̀rọ tó ń ṣe bíi bàálù lórí ilẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ náà bá sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ọmọ mọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ pariwo. Ọdọọdún ni àyẹ̀wò ara. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ru díẹ̀, gbogbo wa ni kì í sùn, torí ìwé kékeré yẹn ni a ń jẹ. N kò ní kó má ṣe é. Kó jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ ka gbogbo ohun tí a kọ síbí.

Àlàbí_Máfolúkù · ọjọ́ Ẹtì, aago 8:30 alẹ́

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á san fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí láti òkè dé ilẹ̀.

Lẹ́yìn iṣẹ́ lánàá, mo ṣírò ara mi bí ẹni tó wá yáwó. Mílíọ̀nù 38 náírà, bí a bá pe dọ́là kan ní náírà 1,500, nǹkan bíi 25,300 dọ́là ni. Bí mo bá ta ilẹ̀ Mọ̀wé, kò ní dé 35,000, ohun tí Ẹ̀gbọ́n Ṣẹ́gun ná sì lé ní 90,000. Mo kọ òdo sí ibi owó oṣù fún ọdún méjì ẹ̀kọ́, mo tún fi ọdún méjì àti oṣù márùn-ún Igbákejì lé e. Bí ẹlòmíràn bá gbé ìwé yìí wá sórí tábìlì mi, n kò ní fọwọ́ sí i. Ìyàwó mi wò ó títí, ó ní, "Ṣebí o kì í ya irú ìwé bẹ́ẹ̀. O máa ń ní kí wọ́n lọ tún un ṣe wá ni."

Nítorí náà, mi ò kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, ilẹ̀ Mọ̀wé kò sì sí lára owó náà mọ́. Láti oṣù yìí, dọ́là ni mo fẹ́ máa tọ́jú owó sí. Bí mo bá gba ìsinmi ọdún, mo fẹ́ lọ sí Ìlọrin àti Zaria lọ ka bàálù tó ń fò. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni wọ́n fún mi láti wá ṣe Class 1. Igbákejì, kí ni kí n mú dání?

Bàbá_Abẹ́òkúta · ọjọ́ Ẹtì, aago 8:52 alẹ́

Mo gba àtúnṣe. Mo pe ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, òótọ́ ni pé ọ̀dọ̀ ológun ló lọ nígbà náà. Ọmọ ọdún 29 ni báyìí, ó ń ta fóònù ní Pànṣẹ́kẹ́. Ó ní ṣé òun lè bá Igbákejì sọ̀rọ̀.

Igbákejì_Ìkẹjà · ọjọ́ Ẹtì, aago 9:15 alẹ́

Kó kọ̀wé sí mi, Bàbá. Àlàbí, sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ Ajé, má mu kọfí láàárọ̀ torí ẹ̀jẹ̀ ríru, sì mú ìwé tí dókítà ojú fi kọ awò fún ọ dání. Mú awò méjì lọ, kì í ṣe ẹyọ kan. Awakọ̀ tó bá ń lo awò gbọ́dọ̀ ní èkejì nítòsí nígbà gbogbo tó bá ń fò. Tèmi wà nínú àpò àyà ní apá òsì.